Ṣé Olùdarí The Hobbit Ló Já Wa Kulẹ̀, àbí Àkókò?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ olùkàwé kan n'Íbàdàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ràn fíìmù The Lord of the Rings mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débi pé mo mọ ọ̀rọ̀ inú wọn sórí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London wá ra odindi àpótí The Hobbit, fíìmù mẹ́ta tí olùdarí kan náà ṣe lẹ́yìn wọn, ránṣẹ́ sí mi, ti Blu-ray tí wọ́n fi àfikún gígùn sí. Mo wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú mi ò dùn. Mo ní kí n wo àwọn fídíò ẹ̀yìn kámẹ́rà, bóyá màá rí nǹkan gbádùn níbẹ̀, ni mo bá rí olùdarí fúnra rẹ̀ tó ń sọ pé òun ò mọ ohun tí òun ń ṣe. Ṣé ó fi wá ṣeré ni? Ṣé torí owó ni wọ́n ṣe pín ìwé kékeré tí wọ́n fi ṣe é sí mẹ́ta, bí àwọn onífíìmù wa ṣe ń pín tiwọn sí Part 1 àti Part 2 láyé VCD? Kí ló dé tí àfikún àwọn fíìmù mìíràn kì í sọ irú òótọ́ báyìí? Ṣé kí n tún máa ra irú àpótí bẹ́ẹ̀?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ìbànújẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni pé fíìmù náà kò tó ohun tí ẹ ń retí. Èkejì, tó dà bíi pé ó dùn yín jù, ni pé ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sì jẹ́wọ́. Ẹni tí kò bá nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kan kì í fi ọ̀pọ̀ wákàtí wo bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé fíìmù lásán ni. Ìdáhùn mi ni pé Peter Jackson, olùdarí náà, kò fi yín ṣeré. Iṣẹ́ tí àkókò ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ti ṣòfò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ló gbà, àpótí tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn sì wà lára àwọn díẹ̀ tó gbà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fowó rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ìjẹ́wọ́ yẹn gbọ́ dáadáa. Inú àfikún, ìyẹn àwọn fídíò ẹ̀yìn kámẹ́rà, tó bá fíìmù kẹta, The Battle of the Five Armies, wá ló wà. Nígbà tí àpótí náà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn ènìyàn gé ìṣẹ́jú mélòó kan nínú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gígé yẹn ló sì rìn káàkiri ayé. Ohun tí Jackson sọ ni pé nígbà tí Guillermo del Toro, olùdarí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún, kúrò tí òun bọ́ sí ipò rẹ̀, kò sí ẹni tó dá aago padà sẹ́yìn fún ọdún kan àbọ̀ kí òun lè ṣètò fíìmù náà bí òun ṣe fẹ́. Pé òun ń dé lokéṣọ̀n láìsí àwòrán ìgbésẹ̀-gbésẹ̀ tó yẹ kí olùdarí ti ní lọ́wọ́, tí òun sì ń ro ó bí òun ṣe ń yà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá náà dé òpin. Ogun ńlá tó parí ìtàn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ bá. Andy Serkis, tó ń darí ikọ̀ kámẹ́rà kejì, ti wà nílẹ̀ láti ya ogun náà ní 2012, nígbà tí Jackson rí i pé òun ò tíì mọ bí ogun náà yóò ṣe rí. Ó dá a dúró. Ó sún un sí 2013, ó sì lo àkókò tó wà láàárín láti ṣètò rẹ̀. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ṣeré kì í dúró rárá, bó bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò yà á. Àwọn tó gé fídíò náà fi ìjẹ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n yọ àtúnṣe kúrò.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí fíìmù ńlá ṣe ń rí nìyẹn. Fún The Lord of the Rings, àwọn ayàwòrán àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Wellington, olú-ìlú New Zealand, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1997, kámẹ́rà kò sì yí títí di oṣù kẹwàá 1999. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n rọ idà, wọ́n fi òrùka ṣe ẹ̀wù irin, wọ́n sì gbin ewébẹ̀ àti òdòdó sí abúlé àwọn Hobbit, àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn náà, ní bí ọdún kan ṣáájú, kí ibẹ̀ lè jọ ibi tí ènìyàn ń gbé lóòótọ́. The Hobbit kò rí bẹ́ẹ̀. Del Toro gba iṣẹ́ ní 2008, ó sì fi nǹkan bí ọdún méjì ya àwọn ẹ̀dá àti ilé bí ojú tirẹ̀ ṣe rí wọn. Ilé-iṣẹ́ MGM, tó ní ìpín nínú ẹ̀tọ́ fíìmù náà, wọ gbèsè, kò sí ẹni tó lè pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, del Toro sì kúrò ní oṣù karùn-ún 2010. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n tó kéde pé Jackson ni yóò darí rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2011, ọgbẹ́ inú rẹ̀ lu, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni kámẹ́rà yí. Ẹ ka oṣù tó wà láàárín, kò pé mẹ́fà.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé kò lè lo iṣẹ́ tí del Toro ti ṣe sílẹ̀ ni? Ó lò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n wọn fún ẹlòmíràn ni, gígé ni yóò gé e kó tó bá a mu. Ràrá mẹ́tàlá, ẹ̀yà kúkúrú mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dwarf, ló sì wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò irun tirẹ̀, irùngbọ̀n tirẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú, aṣọ, ohun ìjà, pẹ̀lú ẹni tó kúrú tó máa dúró fún un níbi tí kámẹ́rà bá jìnnà, àti ẹni tó máa ṣubú fún un níbi tí wọ́n bá ń jà. Bí olùdarí kò bá tíì pinnu bí irùngbọ̀n kan ṣe máa rí, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìpinnu yẹn jókòó ń dúró dè é. Kò sì sí ẹni tó lè kàn sọ pé ká sún un síwájú ọdún kan. Àwọn òṣèré ní àdéhùn níbòmíràn. Martin Freeman tó ṣe Bilbo, Hobbit tí ìtàn náà dá lé lórí, ní eré tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe, àní wọ́n dá iṣẹ́ dúró fún un kó lè lọ. Oṣù Kejìlá 2012 sì ti wà nílẹ̀ fún fíìmù àkọ́kọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìjáde bá ti ṣáájú ìtàn, ìtàn ni wọ́n máa ń gé.

Ọ̀rọ̀ pípín sí mẹ́ta wá ńkọ́? Àfiwé tí ẹ fi VCD ṣe dára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò bá a mu. VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Fíìmù wákàtí méjì gbọ́dọ̀ wọ díìsì méjì, àwọn olùgbéjáde wa sì rí i pé àwọn lè tà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Part 2 ìgbà yẹn kì í ṣe ìtàn tuntun, okùn kan náà tí wọ́n gé ni. The Hobbit náà jẹ́ okùn kan. Fíìmù méjì ni wọ́n ń yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù keje 2012 ni wọ́n parí yíyà tó gba ọjọ́ 266, ọjọ́ 30 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé yóò di mẹ́ta. Owó wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí: fíìmù àkọ́kọ́ nìkan pa owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ti VCD ni pé àwọn tiwa gé okùn lásán, àwọn wọ̀nyí gé e tán, wọ́n tún ní láti hun òmíràn kún un.

Ẹ wo ohun tí gígé yẹn fà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjákulẹ̀ yín ti wá. Nínú ètò fíìmù méjì, ìgbà tí àwọn ràrá bọ́ nínú odò lórí agbá, tí Bard, ọkùnrin awakọ̀ ojú omi, sì yọ sí wọn, ni fíìmù àkọ́kọ́ máa parí. Nígbà tó di mẹ́ta, òpin yẹn ṣí lọ sẹ́yìn sí ibi tí àwọn ẹyẹ idì ti gbé wọn, fíìmù kejì sì ṣòfo lápá ìparí. Kò ní ìjà tó yẹ fíìmù ńlá. Ni wọ́n bá kọ ọ̀kan: ìjà àwọn ràrá pẹ̀lú dírágónì Smaug nínú òkè, pẹ̀lú ère wúrà tó yọ́ dà lé e lórí. Kò sí nínú ìwé, wọ́n sì yà á ní 2013. Tí ẹ bá tún un wò, ẹ óò rí i pé lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, kò sí ohun kan tó yí padà: Smaug kò kú, kò sí ràrá tó kú, òkè wà níbi tó wà. Ìjà tí a lè yọ láìjẹ́ pé ìtàn mì ni. Ikú Smaug wá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kẹta, kí orúkọ fíìmù tó hàn, bí ìgbà tí ènìyàn jẹ ìgbẹ̀yìn oúnjẹ àná kó tó jẹ tòní. Ẹ kò ṣi í rí. Ojú yín rí ojú ibi tí wọ́n ti rán an.

Tauriel, obìnrin jagunjagun ẹ̀yà elf, náà wá láti inú àlàfo yìí. Kò sí nínú ìwé, èyí kò sì burú, nítorí ìwé náà kò ní obìnrin kan tó ṣe gúnmọ́. Evangeline Lilly tó ṣe é ti sọ fún ayé pé òun gba ipa náà lórí àdéhùn pé kò ní sí ìfẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta nínú rẹ̀, àti pé ìgbà tí wọ́n pe òun padà wá tún un yà ni wọ́n fi kún un.

Ohun kejì tó fà á jẹ́ ti ẹ̀rọ, àwọn olùwòran kì í sì í sábà kà á sí. Nínú The Lord of the Rings, tí wọ́n bá fẹ́ kí Gandalf oṣó ga ju Frodo tó jẹ́ Hobbit lọ, Ian McKellen tó ṣe Gandalf á sún mọ́ kámẹ́rà, Elijah Wood tó ṣe Frodo á jókòó sẹ́yìn, tábìlì tó dà bí ẹyọ kan lójú wa á jẹ́ méjì tí wọ́n gé ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kan ni kámẹ́rà ní, kò lè mọ̀ pé àwọn méjèèjì jìnnà síra. Ṣùgbọ́n 3D ni wọ́n fi ya The Hobbit, kámẹ́rà méjì tó dúró bí ojú méjì, tí ọ̀kan ń wo inú dígí nígbà tí èkejì ń wò ó já. Ojú méjì máa mọ jíjìnnà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀tàn náà á tú. Nítorí náà, wọ́n kọ́ ilé Bilbo méjì. Àwọn ràrá ń jẹun nínú ọ̀kan, McKellen dá wà nínú èkejì tó jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán rẹ̀ lé ti àwọn ràrá, kámẹ́rà tibí sì ń fi mọ́tò darí kámẹ́rà tọ̀hún kí wọ́n lè rìn pọ̀. Fọ́tò àwọn ràrá ni ó ń bá sọ̀rọ̀, iná kékeré á tàn lára ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, ohùn wọn á wá sí i létí láti inú ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí pèpéle sunkún níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rò pé àwọn òṣèré inú The Hobbit kò wo ara wọn lójú bí ti àtẹ̀yìnwá, níbòmíràn wọn ò sí nínú yàrá kan náà lóòótọ́.

Kámẹ́rà Red Epic tí wọ́n lò sì ń jẹ àwọ̀ pupa. Àwọn tó ń kun ojú òṣèré ní láti kùn ún pupa ju bó ṣe yẹ lọ, igi inú igbó Mirkwood gba ọ̀dà tó ń kọ mànà, kí wọ́n tó dá àwọ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ tó ti gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà kọjá báyẹn kì í rí bí ilẹ̀ tí oòrùn gidi wọ̀. Ìdí kan tó jẹ́ kí ayé ìgbà àkọ́kọ́ wúwo lójú yín, tí ti ìkejì fi ń dán bí ike, nìyẹn. Ẹ tún fi Azog kún un, ọ̀tá funfun yẹn: ènìyàn tó lẹ rọ́bà mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ sí àwòrán kọ̀ǹpútà tí Manu Bennett ṣe ìrìn rẹ̀, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kí fíìmù jáde. Ní ti àwòrán 48 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí gbogbo ènìyàn pariwo lé lórí, ti ilé sinimá nìyẹn. Blu-ray yín jẹ́ 24 bíi ti àtijọ́, kò sí lára ohun tó bí yín nínú.

Ẹ wá bi mí ìdí tí àfikún àwọn fíìmù mìíràn kì í fi í sọ òótọ́. Oríṣi méjì ni àfikún, àpótí kì í sì í sọ èyí tó jẹ́. Oríṣi kìíní jẹ́ ohun èlò ìpolówó. Wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà kékeré wá sí lokéṣọ̀n, wọ́n á dá òṣèré dúró láàárín iṣẹ́, wọ́n á bi í nípa fíìmù tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí. Kí ló fẹ́ sọ ju pé olùdarí mọṣẹ́, gbogbo wa dà bí ẹbí? Wọ́n á gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí méje fún tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n á kó àjókù rẹ̀ sórí díìsì. Oríṣi kejì jẹ́ ìtàn iṣẹ́ náà lódindi, tí ẹnìkan ń yà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ó sì tún padà lọ bá àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn tí fíìmù ti jáde, nígbà tí ọkàn ti rọlẹ̀. Michael Pellerin ló ṣe ti The Hobbit, òun ló sì ṣe ti The Lord of the Rings ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà wọn kò tiẹ̀ já: àfikún àkọ́kọ́ dé Apá 6, ti The Hobbit bẹ̀rẹ̀ láti Apá 7, ó parí sí 12.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni fíìmù ló ni àfikún, ibi tí agbára oníṣẹ́ yẹn pin sí nìyẹn. Alien 3, tó jáde ní 1992, ni àpẹẹrẹ tó yé mi jù. Àwọn olùfẹ́ Aliens ti 1986, fíìmù tó ṣáájú rẹ̀, kò dárí jì í títí di òní, nítorí ó pa Hicks àti Newt, àwọn tó yè nínú Aliens, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí David Fincher darí ni, ìtàn kò tíì parí ní kíkọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti ná owó lórí ìtàn mìíràn tí wọ́n jù nù. Nígbà tí wọ́n ṣe àpótí Alien mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2003, Charles de Lauzirika ṣe fídíò gígùn nípa rẹ̀. Fincher kò dá sí i. Ilé-iṣẹ́ Fox gé àwọn ibi tó fi ìjà àárín Fincher àti àwọn ọ̀gá hàn, wọ́n sì pààrọ̀ orúkọ fídíò náà. Ọdún 2010, nínú àpótí Blu-ray, ni wọ́n tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó ra àpótí 2003 àti ẹni tó ra ti 2010 rà á ní orúkọ fíìmù kan náà, ìtàn tí wọ́n gbọ́ kò sì dọ́gba.

Nítorí náà, kí ẹ tó tún ná owó, ẹ wo ohun mẹ́rin kan. Ẹ wo gígùn àfikún: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìpolówó ni. Ẹ wá orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí kò bá sí orúkọ, ẹ dákun ẹ fi owó yín pamọ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn tó ń gé fíìmù àtàwọn tó rán aṣọ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń mọ ibi tó ti bàjẹ́, wọn kì í sì í fi ẹ̀rín bò ó. Ẹ sì wo ọdún tí àpótí náà jáde, kì í ṣe ọdún tí fíìmù jáde, nítorí ti tuntun kì í fi gbogbo ìgbà sàn jù: àpótí 4K (díìsì tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti Blu-ray lọ) The Hobbit ti 2020 kò ní àfikún yìí nínú rárá. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ óò rí i níbẹ̀, nítorí fíìmù nìkan ni wọ́n sábà máa ń gbé síbẹ̀.

Ohun kan tún wà nípa rírà láti òkè òkun: wọ́n pín ayé sí ẹkùn, ẹ̀rọ ẹkùn kan sì lè kọ díìsì ẹkùn mìíràn. Blu-ray ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Áfíríkà jẹ́ ẹkùn B méjèèjì, nítorí náà ààlà kò lè dí èyí tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ lọ́wọ́. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ A, ẹ̀rọ yín lè kọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ DVD, ti Nàìjíríà jẹ́ 5, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 2, ti Amẹ́ríkà 1. Àmì náà wà lẹ́yìn àpótí, nọ́ńbà nínú ayé róbótó kékeré fún DVD, lẹ́tà fún Blu-ray. Díìsì 4K kò ní ààlà, ṣùgbọ́n díìsì àfikún tó bá bá a wá lè jẹ́ Blu-ray lásán, kí òun sì kọ̀.

Ní ti The Hobbit fúnra rẹ̀, mi ò lè ṣèlérí pé ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kún fíìmù nínú àpótí yín yóò wò ó sàn. Ìṣẹ́jú 13 ni wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́, 25 sí ìkejì, 20 sí ìkẹta. Ti ìkejì nìkan ló ṣe ìtàn láǹfààní, nítorí ó dá bàbá Thorin, olórí àwọn ràrá, padà sínú rẹ̀. Àwọn olùfẹ́ kan ti gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan bíi wákàtí mẹ́rin, ìtàn náà sì sáré dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹ̀tọ́ láti pín in, ohun tí wọn ò sì yà kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi kò ní sọ pé tí Jackson bá rí ọdún kan àbọ̀ yẹn gbà, fíìmù náà ì bá ti dára bíi ti ìṣáájú. Fíìmù mẹ́ta nínú ìwé tí kò ju nǹkan bí 300 ojú-ìwé lọ á ṣì jẹ́ mẹ́ta.

Ẹ ṣe èyí fún mi. Ẹ gbé fíìmù àkọ́kọ́ padà, ẹ wo ibi tí Bilbo àti Gollum ti ń pa àlọ́ nínú ihò nìkan, lẹ́yìn náà ẹ wo apá tó sọ nípa rẹ̀ nínú àfikún fíìmù yẹn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yà nínú gbogbo iṣẹ́ náà, kí ìdààmú tó dé. Ràrá kò sí níbẹ̀, ogun kò sí, ènìyàn méjì péré ni, Martin Freeman àti Andy Serkis, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí eré orí pèpéle, léraléra, títí ó fi wọlé.